Igi píìṣì pẹlẹbẹ lẹ́yìn ilé: ó dùn, ó sì ń béèrè iṣẹ́

Saturn ni orúkọ irú píìṣì pẹlẹbẹ (èso tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní peach) tí mo gbìn sẹ́yìn ilé. Ó ti so fún mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo ti jẹ èso rẹ̀, mo sì ti rí ibi tó dára sí àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Ẹ̀yin tí ẹ ń rò ó pé kí ẹ ra tiyín, ẹ ka èyí kí ẹ tó náwó.

Èso náà ni kí n kọ́kọ́ yìn, torí ó tọ́ sí ìyìn. Ó rí bí ìgbà tí èèyàn fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ píìṣì lásán mọ́lẹ̀ tí àárín rẹ̀ sì jìn wọnú. Ara inú rẹ̀ funfun, omi rẹ̀ pọ̀, òórùn rẹ̀ á ti gba gbogbo yàrá kí ẹ tó gé e. Kíkan inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bó ṣe ṣì le díẹ̀ lọ́wọ́, ó ti dùn. Ọ̀pọ̀ píìṣì yíyípo tí mo ti jẹ, àfi kó rọ̀ kó tó dùn. Kóró rẹ̀ kéré, irun ara rẹ̀ kò pọ̀, èèyàn lè bù ú jẹ láìjẹ́ pé omi rẹ̀ ń ṣàn dé ìgúnpá.

Ọ̀rọ̀ òtútù ló kàn, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Igi píìṣì máa ń sùn nígbà òtútù, kì í sì í jí dáadáa bí kò bá sùn tó. Àwọn tó ń gbìn ín máa ń ka iye wákàtí tí ojú ọjọ́ fi tutù dé ìwọ̀n 7 lórí òṣùwọ̀n Celsius tàbí tó tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, Saturn sì ń fẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú wákàtí bẹ́ẹ̀. Níbi tí òtútù kò bá ti tó, òdòdó á yọ lẹ́yọ-lẹ́yọ, ewé á pẹ́ kó tó jáde, èso á di àwátì. Yunifásítì Florida ní Amẹ́ríkà ti mú irú kan jáde tó ń jẹ́ UFO fún ilẹ̀ tí òtútù rẹ̀ kì í pẹ́. Nǹkan bíi wákàtí 250 ti tó o. Níbi tí òtútù kì í ti í dé rárá, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ra èyíkéyìí nínú wọn.

Ẹni tó ta tèmi kò kọ ọ̀rọ̀ òtútù kankan sára àkọlé igi náà, bẹ́ẹ̀ ni kò kọ irú gbòǹgbò tí wọ́n lọ́ ọ sí, ìyẹn gbòǹgbò igi mìíràn tí wọ́n so ẹ̀ka rẹ̀ mọ́ kí méjèèjì lè di igi kan. Ó dùn mí, torí ohun méjì yìí gan-an ló yẹ kí oníbàárà mọ̀. Gbòǹgbò tí wọ́n ń pè ní St Julien A máa ń gba ilẹ̀ amọ̀ mọ́ra díẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí igi ga jù. Nemaguard ní tiẹ̀ máa ń kojú aràn tó ń jẹ gbòǹgbò nínú ilẹ̀ yanrìn, àmọ́ bí omi bá ń dúró nídìí rẹ̀, ó ń kú lọ nìyẹn.

Ẹ má sì rò ó pé ẹ óò kàn gbin kóró. Igi píìṣì tó ń so èso pẹlẹbẹ, ẹ̀dà kan ṣoṣo ló ní nínú àbùdá (ohun àjogúnbá inú igi) tó ń mú èso pẹlẹbẹ. Èyí tó bá ní ẹ̀dà méjì, ṣe ni èso rẹ̀ máa ń rẹ̀ dànù ní kékeré. Nínú kóró tí ẹ bá gbìn, òmíràn lè so yíyípo, òmíràn sì lè má so ohun tó máa gbó láéláé. Igi tí wọ́n lọ́ ni kí ẹ rà. Láàárín ọdún 2 sí 3 ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í so. Ẹyọ kan sì tó, kò nílò igi kejì kó tó lè so. Ẹ gbìn ín síbi tí oòrùn ti ń pa á látàárọ̀, lórí ilẹ̀ tí omi ń tètè fà.

Àrùn tó ń ká ewé ni ọ̀tá rẹ̀ tó burú jù. Ewé á wú, á nípọn, á pọ́n, á wá ṣe kókó-kókó, lẹ́yìn náà ohun funfun bí ìyẹ̀fun á bò ó, á sì já bọ́. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ló ń fà á, inú òjò àti òtútù ló ti ń wọnú èéhù igi kí ewé tó là. Bí ẹ bá ti rí i lára ewé, kò sí oògùn tó máa wo ti ọdún yẹn sàn mọ́. Àwọn kan ń fín oògùn tó ní kọ́pà nínú nígbà tí ewé bá wọ́ tán, wọ́n á tún fín in kí èéhù tó wú. Èmi fẹ́ràn kí n fi ọ̀rá bo igi lórí, kí òjò má kàn án láti ìgbà òtútù títí ewé á fi jáde. Ẹ̀ka kan wà tí ọ̀rá mi kò dé. Ewé tirẹ̀ nìkan ló ká, àwọn tó wà lábẹ́ ọ̀rá mọ́ nigín-nigín. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé ọ̀rá ṣiṣẹ́. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kí oyin lè ráyè wọlé, torí òdòdó rẹ̀ ń tètè yọ. Tí ìrì dídì bá fẹ́ bọ́ lóru ní àsìkò òdòdó, ẹ fi aṣọ bò ó, kí ẹ ṣí i láàárọ̀.

Tí èso bá ti tó èékánná àtàǹpàkò, ẹ já ọ̀pọ̀ nínú wọn dànù, kí ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 15 síra wọn. Iṣẹ́ yìí máa ń ká mi lára lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ibi tí èso pẹlẹbẹ méjì bá ti fara kan ara wọn ni ìrà ti ń bẹ̀rẹ̀, àwọn tó bá sì pọ̀ jù kì í tóbi.

Àléébù tí mo ní sí igi yìí gan-an wà ní ìdodo èso. Níbi tó jìn wọnú nísàlẹ̀, ara rẹ̀ máa ń là, nígbà míì ẹ óò rí kóró láti ìta. Èèrà á gba ibẹ̀ wọlé, ìrà á tẹ̀ lé e, èso tó lẹ́wà lókè á ti bàjẹ́ nísàlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá gbẹ táútáú tí omi púpọ̀ wá dé lójijì, ó ń burú sí i. Mo ń bomi rin ín déédéé, mo sì ń fi ewé gbígbẹ bo ìdí rẹ̀; ó dín kù, kò tán.

Níkíkórè, ẹ má fà á. Igi tó so ó rọ̀ kúrú, ó rì sínú ihò orí èso, bí ẹ bá fà á, awọ á ya, èyí tó bá ti ya kì í pẹ́ kó tó rà. Àlùmọ́gàjí kékeré ni mo ń lò. Lẹ́yìn ìkórè, nígbà tí ojú ọjọ́ gbẹ, mo ń gé àwọn ẹ̀ka tó ti so kúrò, torí orí ẹ̀ka tó hù lọ́dún tó kọjá ni píìṣì ti ń so.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún un. Ìdodo tó ń là ló gba èyí tó kù. Àyè ṣì wà lẹ́bàá ògiri mi, TangOs tí ara inú rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè ni mo fẹ́ fi síbẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ tà á bá lè sọ fún mi gbòǹgbò tó wà lábẹ́ rẹ̀.