“Kì í ṣe òrí, mà, shea butter ni”: ìpara ẹsẹ̀ ajá tí mo rà ní ₦18,500

Ọjọ́bọ̀ ni mo ra ìpara yìí, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta nǹkan ajá àti ológbò ní apá Ring Road, n'Ìbàdàn. N ò ní dárúkọ wọn. ₦18,500 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, agolo náà ò sì tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo délé, mo ṣí i, imú mi ló kọ́kọ́ já a. Òrí ni. Ọmọ Ṣakí ni ìyá tó bí mi, òrí ló fi tọ́ wa dàgbà. Ẹ di ojú mi, ẹ gbé òrí sí mi nímú, màá sọ fún yín bóyá tuntun ni àbí ó ti pẹ́ nílẹ̀.

Greyhound ni ajá mi, irú ajá tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ eré sá yẹn, Ọfà lorúkọ rẹ̀. Ọ̀gá àbúrò mi tó ń padà sí ìlú rẹ̀ ló fà á lé wa lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní irú rẹ̀ mọ̀ pé bó ṣe tín-ín-rín yẹn náà ló yẹ kó wà. Ó ti rẹ̀ mí láti máa ṣàlàyé fún àwọn ará àdúgbò wa ní Àkóbọ̀ pé n ò fi ebi pa á.

Nígbà tí mo ra ìpara yìí, ó ti tó oṣù méjì tó ti ń tiro ní ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú. Ohun tó kàn ń rú mi lójú ni pé tó bá wà lórí koríko, eré ni, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Kó sáà ti gun ìntálọ́ọ̀kì iwájú ilé báyìí, á gbé ẹsẹ̀ yẹn sókè bí ẹni tó tẹ ẹyin iná. Gbogbo ènìyàn wá di dókítà. Bàbá onílé ní jìgá ni, kí n fi abẹ́rẹ́ tú u. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ní kí n da spirit sí i. Mẹkáníìkì tó wà ní kọ̀rọ̀ tiẹ̀ ti bu ọ́ìlì dúdú sínú ike fún mi, èyí tó yọ nínú ẹ́ńjìnnì. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ọ́ìlì yẹn pa ajá tí ara ń yún ní ìlú yìí. Ẹ jọ̀ọ́, májèlé ni. Awọ ń fà á mu, ajá á tún fi ahọ́n lá èyí tó kù.

Ọ̀rọ̀ ahọ́n yìí gan-an ló kó mi sí wàhálà. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo fi ìpara náà ra ẹsẹ̀ Ọfà dáadáa. Kí n tó lọ fọwọ́, ó ti lá a tán. Ló bá bọ́ sí mi lọ́kàn láti ka ohun tí wọ́n kọ sí ara agolo. Lẹ́tà yẹn kéré bí ẹsẹ̀ èèrà, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi rí i kà: shea butter, òróró àgbọn, ìda oyin, tea tree oil. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ò ṣe nǹkan. Ìkẹrin yẹn ni n ò gbọ́dọ̀ rí. Òróró ewé igi kan ni; tí ó bá pọ̀ lára ajá tàbí nínú rẹ̀, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ọ̀mùtí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á rọ. Wọn ò sì kọ bó ṣe pọ̀ tó síbẹ̀. Ohunkóhun tí ènìyàn bá fi pa ẹsẹ̀ ajá, ẹnu ló ń lọ; ẹni tó ń ṣe ìpara ajá tí kò mọ ìyẹn, kí ló wá mọ̀? Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́. Nǹkan kan ò ṣe é. Ó ń hanrun lórí kápẹ́ẹ̀tì mi ni. Èmi ni n ò sùn.

Ọjọ́ Sátidé, mo gbé agolo, mo fa ajá, ó di Ring Road. Dẹ́rẹ́bà takisí Micra mẹ́ta ló kọ̀ wá. Ẹkẹrin ní kí n san owó èrò méjì, mo san án. Nígbà tí a fi máa débẹ̀, inú mi ti ń hó.

Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà ní, “Ẹ káàsán, mà,” kò gbójú kúrò lórí fóònù rẹ̀. Mo gbé agolo kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

Mo ní, “Àǹtí, kí lẹ tà fún mi?”

Ó ní, “Paw balm ni, mà.”

Mo ní, “Òrí ni.”

Ó wá gbójú sókè báyìí, ó wò mí bí ẹni tó ń ṣàánú mi. Ó ní, “Kì í ṣe òrí, mà. Shea butter ni.”

Ẹ jẹ́ kí n mí ná.

Mo bi í pé kí ni wọ́n ń pe shea butter nílé wọn. Ó ní àwọn kì í lò ó nílé àwọn. Ó ní, “Èyí yàtọ̀, mà, tòkè òkun ni.” Mo yí ìdí agolo sókè, mo nà án sí i, òun fúnra rẹ̀ ló kà á jáde: Made in Nigeria. Ọkùnrin kan tó wá ra oúnjẹ ológbò ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n ní sùúrù, òun ń lọ pe ọ̀gá.

Ọ̀gá dé, ó wọ aṣọ dáadáa, ó kúnlẹ̀ kí mi, n ò lè purọ́. Mo sọ ti tea tree fún un. Ó ní kò sẹ́ni tó tíì mú ẹ̀sùn wá rí. Mo ní kó dá owó mi padà. Ló bá ṣí agolo, ó nàka sí ojú ibi tí ọwọ́ mi ti wọ inú ìpara, ó ní, “Ẹ ti lò tó ìdá kan nínú mẹ́rin, mà, ọjà tí wọ́n bá ti ṣí kò ní àdápadà.” Ìdá kan nínú mẹ́rin! Èmi kọ́ ni mo lò ó, ajá ló lá a. Ohùn mi ti ròkè nígbà yẹn. Mo mọ̀ pé ó ròkè, nítorí Ọfà ti lọ fara pamọ́ sẹ́yìn àpò oúnjẹ ajá.

Ibẹ̀ ni ọmọkùnrin kan tó ń to ẹrù sórí pákó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bá a. IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ni wọ́n ní ó ń ṣe níbẹ̀, iṣẹ́ dókítà ẹranko ló ń kọ́ ní yunifásítì. Kò bá mi sọ̀rọ̀ rárá, ajá ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó jẹ́ kí Ọfà gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀ dáadáa kó tó gbé ẹsẹ̀ náà. Ó ní, “Mọ̀mí, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká jáde díẹ̀.” Ó mú un rìn lórí ìntálọ́ọ̀kì, ó tiro. Ó mú un rìn lórí koríko ẹ̀gbẹ́ ògiri, kò tiro. Ó bu omi sí àtẹ́lẹsẹ̀ náà, ó fi àtàǹpàkò nù ún, ó ní kí n tan tọ́ọ̀ṣì. Àwọn ìka méjì àárín ni, lórí tìmùtìmù ọ̀kan nínú wọn. Ohun róbótó kan wà níbẹ̀, kò ju orí ìṣó lọ, àwọ̀ rẹ̀ mọ́ ju ibi tó kù lọ, ó sì ń dán. Láti ọjọ́ tí mo ti ń fi òrí àti oríṣiríṣi bo ẹsẹ̀ yẹn, n ò fi omi lásán nù ún kí n wò ó rí.

Ó ní, “Jìgá máa ń ní ojú dúdú láàárín, mà. Èyí ò ní. Corn ni, awọ tó ti le gbagidi.” Ó ní greyhound ni ó sábà máa ń ṣe jù nínú gbogbo ajá, ẹsẹ̀ iwájú sì ni. Ẹran tó wà lábẹ́ tìmùtìmù wọn ò pọ̀, nígbà tí ohun líle yẹn bá wá wà níbẹ̀, bí ẹni ń tẹ òkúta inú bàtà ni. Mo ní ṣé kí n ra pílásítà corn tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì fún ẹsẹ̀ ènìyàn. Ó kígbe mọ́ mi díẹ̀, ó ní ásíìdì wà nínú rẹ̀, yóò jó awọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ajá á sì tún já a jẹ. Abẹ nílé náà, rárá.

Ẹ gbọ́ ohun tó wá sọ, níwájú ọ̀gá rẹ̀. Ó ní kí n lọ ra òrí ní Bódìjà.

₦1,500 ni mo ra ti ike kan. Lálaalẹ́, mo ń rẹ ẹsẹ̀ náà sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, màá nu àárín ìka rẹ̀ gbẹ dáadáa, torí ibi tó bá tutù níbẹ̀ ló máa ń rùn tó sì ń pọ́n. Òrí táṣẹ́rẹ́ ló kù, ká fi ra ojú rẹ̀, ká wọ ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé lé e títí yóò fi wọlé. Ìbọ̀sẹ̀ ọmọ-ọmọ mi ni, ó ní àwòrán ehoro. Ojú ń ti Ọfà, ẹ máa rí i bó ṣe ń yíjú sí ògiri. A ò rìn ní títì mọ́ tí oòrùn bá ti mú. Tí ẹ̀yìn ọwọ́ mi ò bá lè gba ooru ọ̀dà, ẹsẹ̀ ajá ò lè gbà á.

Òrí ò mú un kúrò o, kí n sòótọ́. Ó rọ̀ ọ́ ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, dókítà ẹranko fi abẹ wẹ́wẹ́ ha á jáde, ẹ̀jẹ̀ kankan ò yọ. Ọjọ́ kejì ni Ọfà sáré lórí ìntálọ́ọ̀kì wa, mo dúró lójú fèrèsé mo ń pàtẹ́wọ́ bí wèrè. Dókítà ti sọ pé ó sábà máa ń hù padà. Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé, mo ti tún ń rí ojú rẹ̀ tó ń dán díẹ̀.

Owó mi? Wọn ò dá kọ́bọ̀ padà. Bàtà ajá mẹ́rin ni ọ̀gá fi tù mí nínú. Ẹsẹ̀ greyhound gùn ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kan ti bọ́ sínú gọ́tà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyókù wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Agolo náà wà nílé. Èmi ni mo ń fi pa gìgísẹ̀ mi, ó sì dáa fún gìgísẹ̀, kò sí irọ́ níbẹ̀.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún ṣọ́ọ̀bù náà, torí ọmọ IT yẹn. Oṣù tó ń bọ̀ ni ọmọ IT yẹn ń kúrò, ọjọ́ Sátidé ló sì máa ń wà níbẹ̀ láti àárọ̀. Ẹ mú ajá yín dání, kí ẹ má ra agolo.