Ìràwọ̀ 4 nínú 5 fún àwọn lọ́yà tó bá mi ṣe ẹjọ́ kíndìnrín

Mi ò lè dárúkọ wọn, ẹ má bínú. Ìwé tí mo tọwọ́ bọ̀ nígbà tí ẹjọ́ parí ló dí mi lẹ́nu, bí mo bá sì dárúkọ lọ́yà, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi mọ ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ni mo fẹ́ sọ.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi lẹ́sẹ̀, ojú ọgbẹ́ náà sì kẹ̀. Gentamicin, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, ni wọ́n fi ń gún mi lábẹ́rẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, fún ọjọ́ 11. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹsàn-án, ìtọ̀ mi ti dín kù débi pé nọ́ọ̀sì ń gbé ike ìtọ̀ sókè sí iná kó tó lè rí nǹkan nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi fọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n fọ̀ ọ́ kí kíndìnrín tó jí padà, kò sì jí tán.

Tìbínú-tìbínú ni mo fi wọ ọ́fíìsì wọn, mo rò pé lọ́yà máa bá mi bínú ni. Obìnrin náà jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán. Ó kọ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé oògùn ló fà á sílẹ̀, nítorí òfin ní gbèdéke ọdún tí èèyàn fi lè pẹjọ́. Ó wá ní, "Sà, oògùn yẹn lè ba kíndìnrín jẹ́ kódà bí wọ́n bá lò ó bó ṣe yẹ. Pé ó bà á jẹ́ nìkan ò sọ ẹnikẹ́ni di ẹlẹ́bi." Díẹ̀ ló kù kí n dìde. Àfi bó ṣe tún bi mí pé, "Etí yín ńkọ́? Ṣé ó ń hó?"

Mi ò tíì bá a sọ̀rọ̀ etí rárá. Ó ti ń hó láti ilé ìwòsàn, bí ìkòkò omi tó wà lórí iná, mo kàn kà á sí àgbà tó ń dé ni. Ó ní oògùn kan náà ló ń pa àwọn irun tíntìntín inú etí, bí wọ́n bá sì ti kú, wọn kì í hù padà. Olùkọ́ ni mí. Ọ̀rọ̀ etí yẹn ló wá kó apá tó pọ̀ jù nínú owó gbà-má-bìínú tí mo gbà.

Nígbà tí fáìlì mi dé láti ilé ìwòsàn, ó pè mí. Ó tẹ́ ìwé tí wọ́n ń kọ oògùn sí sórí tábìlì, ó wá ń fi rúlà tẹ̀lé e ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n mi: kílò 80. Kò sẹ́ni tó wọ̀n mí ní wọ́ọ̀dù yẹn, ojú ni wọ́n fi wọ̀n mí. Nínú ìwé tí wọ́n kọ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, kílò 64 ni. Bí ara èèyàn ṣe wọ̀n tó ni wọ́n sì ń wò kí wọ́n tó mọ iye oògùn yìí tí wọ́n máa fún un.

Ó sún rúlà wálẹ̀. Kíndìnrín ni gentamicin ń gbà jáde lára. Bí kíndìnrín bá ti ń rẹ̀, oògùn á máa ṣẹ́ kù sára, èyí tó ṣẹ́ kù á sì tún máa bà á jẹ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́ tó kàn. Ẹni tó bá ń gba abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, wọ́n sábà máa ń fẹ́ kí oògùn tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ mílígíráàmù 1 nínú lítà kan. Tèmi jẹ́ 3.1. Láábù kọ aago síbẹ̀: ọjọ́ karùn-ún, 14:20. Lọ́jọ́ kan náà, creatinine mi, ìyẹn ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń pọ̀ sí i bí kíndìnrín ò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, ti kúrò ní 84, ó ti di 141. Ó sún rúlà ní ìlà kan péré: abẹ́rẹ́ gentamicin míì, 18:00, wọ́n ti fọwọ́ sí i. Kò sọ nǹkan kan. Èmi náà ò sọ nǹkan kan. Ìlà tó tẹ̀ lé e ni furosemide, oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀, tó sì máa ń dá kún ewu etí.

Ilé ìwòsàn ò gbà bọ̀rọ̀. Wọ́n ní àrùn tó wọnú ẹ̀jẹ̀ ló ba kíndìnrín jẹ́. Wọn ò sì parọ́ tán. Dókítà kíndìnrín tí lọ́yà gbé fáìlì fún kọ ojú ìwé 23. Ó gbà pé àrùn náà lọ́wọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó ní ká ní wọ́n dá oògùn dúró lọ́jọ́ karùn-ún ni, ó ṣeé ṣe jù pé mi ò ní dé ìdí ẹ̀rọ. "Ó ṣeé ṣe jù" yẹn náà la nílò, lọ́yà ní òfin ò ní ká mú ẹ̀rí tí kò ní iyèméjì rárá wá. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì ká dé iwájú adájọ́ nígbà tí ilé ìwòsàn ní ká jọ parí ẹ̀.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ ńkọ́? Àkọ́kọ́, oṣù mẹ́rin gbáko ni mi ò fi gbúròó wọn, tí mo bá pè, wọ́n á ní "a ń dúró de ìwé dókítà." Wọ́n ì bá ti fi lẹ́tà ìlà kan sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Èkejì ló dùn mí jù. Wọ́n ti ní tí a bá pàdánù, àwọn ò ní gba owó iṣẹ́, mi ò sì jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n owó dókítà tó kọ ojú ìwé 23 yẹn ò sí lára "owó iṣẹ́". A jàre, wọ́n yọ ọ́ nínú owó tèmi. Ó wà nínú àdéhùn wa o, ojú ìwé kẹsàn-án, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ irú wọn, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí.