Ọ̀pá mẹ́ta, ekòló rọ́bà kan: ohun tí ojú mi rí lórí Adágún Conroe

Ọdún méjì ni mo fi lo ọ̀pá ìpẹja mẹ́ta lórí Adágún Conroe, ní àríwá Houston, kí n tó gbà pé mo lè la ẹnu sọ nǹkan nípa wọn. Ẹja tí mo ń lé ni bass ẹlẹ́nu ńlá. Ìdẹ tí mo ń lò fún un ni ekòló rọ́bà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ṣe bí alángbá tàbí bí edé. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ kankan, nítorí kì í ṣe ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ibi tí ọ̀pá ti ń tẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, èyí tí àwọn apẹja ń pè ní action. Òun ló gba ẹja lọ́wọ́ mi ní ọdún kìíní.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀, torí ọ̀pọ̀ wa ló ń pò wọ́n pọ̀. Lókè ibi tí a ti ń di ọ̀pá mú, ẹ ó rí lẹ́tà bíi MH-F tàbí ML-XF. Èyí tó ṣáájú ń sọ agbára ọ̀pá, ìyẹn bó ṣe le tó: L rọ̀, H le gan-an, M wà láàárín. Èyí tó kẹ́yìn ni action. XF (extra fast, èyí tó yára jù), ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ló ń tẹ̀, ìyókù á dúró gbagidi. F (fast, èyí tó yára) máa ń tẹ̀ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta láti òkè. Moderate á tẹ̀ dé àárín. Slow á tẹ̀ títí dé ìtòsí ọwọ́ yín. Ọ̀pá lè le kó sì máa tẹ̀ láti àárín. Ó lè rọ̀ kó jẹ́ ṣóńṣó nìkan ló ń tẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kò sì ní òṣùwọ̀n kan náà: ohun tí ọ̀kan pè ní fast, òmíràn lè pè é ní moderate-fast. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí ẹnìkan bá mi di ṣóńṣó mú nínú ṣọ́ọ̀bù, kí èmi rọra gbé ìdí ọ̀pá sókè díẹ̀, kí n wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Ẹ má gbé e sókè jù o, ṣóńṣó á kán, ẹ ó sì sanwó rẹ̀.

Ọ̀pá kìíní mi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àbọ̀, agbára rẹ̀ M, action rẹ̀ moderate, gíláàsì ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ẹni tó tà á fún mi ní kò sí iṣẹ́ tí kò lè ṣe. Mo gbé e lọ sídìí Texas rig tààrà.

Fún ẹni tí kò tíì lò ó rí: òjé kan tó rí bí orí ọta ìbọn wà lórí okùn, ó ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ níwájú ìwọ̀. Ìwọ̀ náà tóbi, 3/0 tàbí 4/0, irin rẹ̀ nípọn, ẹnu rẹ̀ sì wà ní ìpamọ́ nínú ara ekòló kó má bàa kọ́ koríko tàbí kùkùté. Nígbà tí Nick Creme kọ́kọ́ da ekòló yìí ní Akron, Ohio, ní 1949, ìta ni ẹnu ìwọ̀ wà. Nínú àwọn adágún Texas, níbi tí igi tí omi bò mọ́lẹ̀ kún bí igbó, ni àwọn apẹja ti rí i pé àfi kí àwọn fi ẹnu ìwọ̀ pamọ́. Conroe náà ní irú igi bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló dé. 1973 ni wọ́n parí ìsédò tí wọ́n fi sé odò San Jacinto, èyí tó bí i. Ọgbọ́n yẹn dára, ṣùgbọ́n ó di iṣẹ́ ru ọ̀pá. Ìwọ̀ ní láti kọ́kọ́ la rọ́bà já, kó tó wá wọ ẹnu ẹja, bẹ́ẹ̀ ẹja náà kò ní pẹ́ tu ú dà nù. Agbára tí ẹ fi fà á gbọ́dọ̀ tètè dé ìdí ìwọ̀.

Moderate kì í tètè dé ibẹ̀. Bí mo bá fà, ọ̀pá á kọ́kọ́ ká bí ọrun ọdẹ, okùn mono tí mo ń lò nígbà náà á tún nà. Inú mi á dùn pé mo ti mú un. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á rọ̀ lójijì. Bí mo bá fa ekòló dé inú ọkọ̀, màá rí i pé ẹja ti ha á lára, ẹnu ìwọ̀ kò sì tíì yọ síta rárá. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi léraléra ní oṣù Mááṣì, nígbà tí àwọn bass ń wá sí etí omi láti yé ẹyin, tí wọ́n ń sápamọ́ sábẹ́ àwọn èbúté onípákó tó wà lẹ́yìn ilé àwọn olówó. Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí wọ́n ti ń pẹja níbí kí n tó dé Amẹ́ríkà, wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú mi. Wọ́n wò mí títí.

“Àbúrò, ọwọ́ ẹ ò burú o. Ọ̀pá yẹn ló ń jẹ agbára mọ́ ẹ lọ́wọ́.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí bó ṣe ń tẹ̀ dáadáa ni?”

“Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn.”

Nílé, mo dán an wò. Mo so páálí líle mọ́ igi kan, mo ki ekòló tó ní ìwọ̀ nínú sáàárín rẹ̀, mo wọ awò ojú, mo sì rìn sẹ́yìn ní ìwọ̀n ogún ìṣísẹ̀. Mo fà á pẹ̀lú ọ̀pá tèmi: páálí mì, rọ́bà fún pọ̀, ìwọ̀ kò jáde. Mo fà á pẹ̀lú ọ̀pá MH-F tí mo yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n: ìwọ̀ la páálí já lẹ́ẹ̀kan náà. Okùn kan náà, apá kan náà. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo lọ ra tèmi.

Ọ̀pá kejì yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun ìpẹja mi. Ẹsẹ̀ bàtà méje, carbon, MH-F, mo sì fi okùn fluorocarbon oní-pọ́n-ùn 15 sí i. Ìwọ̀ ń wọlé, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ohun tí mo ń gbọ́ lára rẹ̀. Ẹ̀pẹ́ ni mo dàgbà sí. Okùn ọwọ́ ni bàbá mi fi ń dẹ ẹja lórí ọ̀sà, láìsí ọ̀pá kankan. Wọ́n á gbé okùn lé ìka ìfábẹ̀lá, wọ́n á ní kí n dákẹ́, wọ́n á sì sọ fún mi bóyá iyẹ̀pẹ̀ ni òjé wà tàbí ẹrẹ̀. Ọ̀pá gíláàsì kò sọ nǹkan kan fún mi rí. Èyí ń sọ̀rọ̀. Bí òjé bá gba orí òkúta kọjá, á máa dún kọ̀, kọ̀, kọ̀ lọ́wọ́ mi. Nínú koríko, á dà bí ẹni ń fa òòyà nínú irun tó díjú. Bí bass bá gbé e, ó lè jẹ́ “tọ́” ẹyọ kan péré. Ìgbà mìíràn kò sí “tọ́” rárá, ekòló á kàn wúwo bí ìgbà tí aṣọ tútù bá bò ó, tàbí kí okùn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ ká okùn tó dẹ̀ lọ́wọ́ yín kíá, kí ẹ wá fà á sókè pẹ̀lú gbogbo apá.

Ó ní àléébù. Orí rẹ̀ wúwo díẹ̀. Bó bá di ọ̀sán, ọrùn ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Ìdẹ tó fúyẹ́ kò sì ṣeé jù jìnnà pẹ̀lú rẹ̀, torí ìdẹ náà kò wúwo tó láti tẹ̀ ẹ́ nígbà tí mo bá ń jù ú.

Nítorí ìyẹn ni mo ṣe ra ẹ̀kẹta, ọ̀pá spinning (èyí tí ẹ̀rọ tí a fi ń ká okùn wà lábẹ́ rẹ̀) oní ML-XF, fún drop shot. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni òjé wà níbẹ̀, ìwọ̀ kékeré tẹ́ẹ́rẹ́ wà lókè rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì wà níta. Mo ń lò ó ní ìgbà ooru, nígbà tí ẹja bá sá lọ sínú omi jíjìn. Okùn oní-pọ́n-ùn 8 ni mo fi sí i. Ṣóńṣó rẹ̀ tó rọ̀ ń jẹ́ kí n máa gbọn ekòló náà jẹ́jẹ́ láìmì òjé. Kò sí fífà pẹ̀lú ipá níbí o: ẹ kàn ká okùn, kí ẹ gbé ọ̀pá sókè, ìwọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ á wọlé fúnra rẹ̀.

Ibi tí mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ṣìnà nìyí. Wọ́n gbọ́ pé ekòló rọ́bà fẹ́ ọ̀pá tó yára, wọ́n bá lọ ra H-XF, pé bó bá ṣe yára tó, tó sì le tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe dára tó. Mo yá irú rẹ̀ lò fún òwúrọ̀ kan. Nínú koríko tó ṣú, pẹ̀lú òjé ńlá àti okùn híhun, ó ń fa ẹja jáde bí ẹní fa iṣu. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi lo wacky, níbi tí a ti ń ki ìwọ̀ kékeré bọ àárín ekòló, ó já okùn mi lẹ́ẹ̀kan, ó sì na ìwọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tọ́. Ẹja mìíràn fò sókè, ó gbọn orí, ìwọ̀ já bọ́, nítorí ọ̀pá kò tẹ̀ tó láti gba ìfòsókè yẹn mọ́ra. Ìwọ̀ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò: bó bá nípọn tó sì wà ní ìpamọ́, MH-F, bó bá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ wà níta, ọ̀pá tí agbára rẹ̀ kéré, ṣóńṣó rẹ̀ ì báà yára.

N kò ta ọ̀pá kìíní. Ìdẹ onígi tó ní ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta ni mo ń fi jù báyìí, kò sì sí èyí tó dára tó o nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún iṣẹ́ yẹn. Bó ṣe ń tẹ̀ jẹ́jẹ́ kì í jẹ́ kí àwọn ìwọ̀ kékeré náà ya ẹnu ẹja. Bí owó yín bá mọ níwọ̀n ọ̀pá ekòló kan péré, ẹ ra MH-F ẹlẹ́sẹ̀ bàtà méje. Bó bá sì jẹ́ moderate lẹ ní nílé, tí owó kò tíì sí, ẹ yọ mono kúrò, kí ẹ fi okùn híhun tí kì í nà sí i. Ó ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀ kí n tó ra òmíràn.

Ní Sátidé tó kọjá, lábẹ́ èbúté kan náà tí mo ti pàdánù ẹja wọ̀nyẹn, òjé mi kọ́kọ́ kan igi, ó tún dákẹ́. Mo ká okùn, mo fà. Ọ̀pá tẹ̀ ní òkè, ìdí rẹ̀ dúró. Ẹ̀gbọ́n fi àwọ̀n gbé e wọlé: ìwọ̀ wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkè rẹ̀ ṣinṣin, pọ́n-ùn mẹ́fà ó lé díẹ̀. A dá a padà sómi.