Àgbéyẹ̀wò fcntl() lórí Linux: irinṣẹ́ gidi ni, àfi àgádágodo rẹ̀

Ẹni tó bá ń kọ prógíráàmù pẹ̀lú C lórí Linux kò lè sá fún fcntl(). Ìpè kan ṣoṣo sí kernel (ọkàn Linux) ni, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀: ó ń ṣe ẹ̀dà fd (nọ́ńbà tí prógíráàmù fi ń dá fáìlì tó ṣí mọ̀), ó ń yí àmì ara rẹ̀ padà, ó ń ti apá kan fáìlì pa, ó tún ń sọ bí pipe (ọ̀nà tí dátà ń gbà láti inú prógíráàmù kan bọ́ sínú òmíràn) ṣe máa tóbi tó. Bí wọ́n ṣe di gbogbo rẹ̀ pọ̀ yìí kò wù mí. Ohun kẹta tí a ń fún un lè jẹ́ nọ́ńbà, ó lè jẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì struct, ó sì lè má sí rárá. Bí ẹ bá ṣì í fún un, compiler kò ní pariwo.

Kí ẹ tó pè é, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: ohun tí mo fẹ́ yí yìí, ara kí ló wà? FD_CLOEXEC (àmì tó ń mú kí fd pa ara rẹ̀ dé nígbà exec, ìyẹn nígbà tí prógíráàmù mìíràn bá gba ipò èyí tó ń ṣiṣẹ́) wà lára nọ́ńbà fd fúnra rẹ̀, F_SETFD la fi ń gbé e sí i. O_NONBLOCK (má dúró) àti O_APPEND (ìparí fáìlì ni kí o máa kọ sí) wà lára ìṣísílẹ̀ fáìlì náà, ìyẹn ohun tí kernel tọ́jú nígbà tí ẹ pe open(). F_SETFL ló ni wọ́n. Bí fd méjì bá jẹ́ ẹ̀dà ara wọn, yálà dup() (tó ń ṣe ẹ̀dà fd) ló bí wọn tàbí fork() (tó ń bí process ọmọ, ìyẹn ẹ̀dà prógíráàmù tó ń ṣiṣẹ́), ìṣísílẹ̀ kan náà ni wọ́n ń pín lò. Ohun tí ẹ bá fi F_SETFL ṣe sí ọ̀kan ti kan èkejì.

Orí terminal lèyí ti ń ṣọṣẹ́ jù. Lọ́pọ̀ ìgbà, fd 0, 1 àti 2 (ìwọlé, ìjáde àti ibi àṣìṣe) jẹ́ ẹ̀dà ara wọn. Prógíráàmù kan gbé O_NONBLOCK lé fd 0 kí read() má bàa dá a dúró. Fd 1 náà ti gbà á nìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ tó ń tú jáde bá pọ̀, write() á dá EAGAIN (kò tíì ṣeé ṣe, tún gbìyànjú) padà, apá kan ọ̀rọ̀ náà á sì sọnù bí kóòdù kò bá yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá jáde láìdá àmì náà padà sí bó ṣe wà, èyí tó tẹ̀lé e nínú script kan náà, bíi cat, lè máa sọ pé "Resource temporarily unavailable". Ẹ tọ́jú iye àtijọ́ kí ẹ sì dá a padà. Tí wọ́n bá fi SIGKILL (àmì ìpani tí prógíráàmù kò lè dí) pa prógíráàmù yín ńkọ́? Kò sẹ́ni tó máa bá yín dá a padà.

int a = fcntl(fd, F_GETFL);
if (a == -1) return -1;
if (fcntl(fd, F_SETFL, a | O_NONBLOCK) == -1) return -1;

Ẹ má kàn kọ O_NONBLOCK nìkan síbẹ̀. Ó máa nu O_APPEND nù, log tí process púpọ̀ ń kọ sí á sì máa kọ lé ara rẹ̀ lórí. Ẹ má sì retí pé F_SETFL máa sọ fáìlì tí ẹ fi O_RDONLY ṣí di èyí tó ṣeé kọ. Ńṣe ló máa fojú fò ó láìbú yín.

Ní ti FD_CLOEXEC, bí ẹ bá ní thread (ìlà iṣẹ́ tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú òmíràn nínú process kan) ju ọ̀kan lọ, fífi F_SETFD gbé e sí i lẹ́yìn open() ti pẹ́ jù: thread mìíràn lè ti fork kó sì exec láàárín méjèèjì. Ọmọ yẹn á wá di ẹnu ìkọ̀wé pipe yín mú, ẹni tó ń kà á kò sì ní rí òpin láéláé. Ẹ lo O_CLOEXEC nínú open() fúnra rẹ̀, àti F_DUPFD_CLOEXEC, tó ti wà láti Linux 2.6.24, fún ẹ̀dà. Bí ẹ bá fún un ní 3, ẹ̀dà náà kò ní bọ́ sórí 0, 1 tàbí 2.

Wàyí o, àgádágodo. F_SETLK, àṣẹ tí fcntl() fi ń ti fáìlì pa, lè ti báìtì díẹ̀ péré pa nínú fáìlì ńlá, èyí dára. Ṣùgbọ́n process ló ni àgádágodo náà. Bí láíbìrì kan nínú prógíráàmù yín bá ṣí fáìlì yẹn, tó kà á, tó sì pa á dé, gbogbo àgádágodo yín lórí rẹ̀ ti já, kò sì sí àṣìṣe kankan tó máa fi hàn. Láàárín thread méjì nínú process kan, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. SQLite, láíbìrì ìtọ́jú dátà, ń lò ó, àmọ́ ó ní láti máa fi pípa fd falẹ̀ títí kò fi ní sí àgádágodo kankan mọ́ nínú process náà. Ìyà tí kò yẹ kéèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ fà ni.

F_OFD_SETLK, tó dé pẹ̀lú Linux 3.15 ní 2014, ló tún un ṣe: ìṣísílẹ̀ ló ni àgádágodo tirẹ̀. Ẹ kọ #define _GNU_SOURCE sókè kóòdù yín, ẹ sì fi 0 sí l_pid nínú struct àgádágodo náà: bí l_pid kò bá jẹ́ 0, EINVAL (iye tí ẹ fún un kò tọ́) lẹ máa rí. Kí thread kọ̀ọ̀kan pe open() tirẹ̀. Dup() kò tó. Ohun tí ẹ máa pàdánù ni pé kernel kò ní fi àṣìṣe EDEADLK kìlọ̀ fún yín bí process méjì bá ń dúró de ara wọn.

F_SETPIPE_SZ, tó ń sọ bí pipe ṣe máa tóbi tó, kò fún mi ní wàhálà kankan: pipe máa ń gba báìtì 65536, ẹni tí kì í ṣe root sì lè gbé e dé 1048576, bí wọn kò bá tíì yí pipe-max-size padà. Ẹ wo iye tó dá padà, nítorí ó lè ju èyí tí ẹ béèrè lọ.

Mo fún un ní 7 nínú 10. F_SETLK nìkan ló gba mẹ́ta tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá kàn fẹ́ ti odidi fáìlì kan pa lórí dísíìkì tirẹ̀ kò nílò fcntl() rárá, flock() rọrùn jù ú lọ.