Stómà ìfun kékeré: ṣé ó dí ni, àbí ó ń ṣàn jù?

Stómà ni ẹnu ìfun tí dókítà yọ sí ara ikùn, kí ìgbẹ́ lè máa gba ibẹ̀ bọ́ sínú àpò. Bí àpò náà bá gbẹ fún wákàtí 4 sí 6, tí inú ń lọ́ni, tí stómà sì wú, ó ṣeé ṣe kí ìfun ti dí. Àgbàdo, àgbọn tàbí ẹ̀pà tí a kò jẹ kúnná ló sábà ń fà á. Má jẹun, mu tíì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, fa orúnkún mọ́ àyà, fọwọ́ ra ikùn. Má lo oògùn ìyàgbẹ́ o! Bí èébì bá dé, ilé ìwòsàn yá.

Stómà tó ń ṣàn ju lítà 1.5 lọ lójúmọ́ ń gbẹ omi ara. Omi lásán ń mú un burú sí i, torí ó ń fa iyọ̀ ara sínú ìfun. Po ṣúgà ṣíbí tíì 6 tó tẹ́jú àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì mọ́ omi lítà 1. Máa mu ún díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀tàn kan wà: omi tó ṣàdédé tú jáde nígbà tí inú ń lọ́ lè máa gba ẹ̀gbẹ́ ohun tó dí kọjá ni.