Agbẹjọ́rò tó bá mi rojọ́ ọtí ní Houston

Nígbà tí ọlọ́pàá dá mi dúró nídìí ọkọ̀ tí mo ń wà ní Houston ní nǹkan bí aago kan òru, èrò mi ni pé bíà mẹ́ta tí mo mu níbi ìsọmọlórúkọ kò tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ sun àtìmọ́lé. Ẹ̀rọ tí wọ́n ní kí n fẹ́ atẹ́gùn sí kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí 0.09 ló gbé jáde gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ọtí ara mi, bẹ́ẹ̀ 0.08 ni òfin Texas fi ṣe ààlà. Wọ́n gba láísẹ́ǹsì mi, wọ́n fún mi ní ìwé kan tí mo ká sápò láìkà, ilẹ̀ sì mọ́ bá mi látìmọ́lé kí ẹ̀gbọ́n mi tó wá gba béèlì mi.

Ìwé yẹn ni agbẹjọ́rò obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ mi kí ó tó dárúkọ owó rárá. Ó fi ìka tẹ ìlà tó sọ pé láàárín ọjọ́ 15 ni mo gbọ́dọ̀ béèrè fún ìgbẹ́jọ́ lórí láísẹ́ǹsì mi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tó bá di ọjọ́ 40, ìjọba yóò gbẹ́sẹ̀ lé e láì dúró de ẹjọ́ ọtí gan-an. Ọjọ́ kọkànlá la wà lọ́jọ́ náà. Agbẹjọ́rò méjì tí mo ti pè ṣáájú ti ka iye owó wọn fún mi tán, kò sì sí èyí tó mẹ́nu kan ọjọ́ 15 nínú wọn.

Àwa kọ́ la borí níbi ìgbẹ́jọ́ láísẹ́ǹsì. 90 ọjọ́ ni wọ́n fi gbẹ́sẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti rí i pé obìnrin yìí mọ iṣẹ́, nítorí ó pe ọlọ́pàá tó mú mi wá búra, ó sì fi sùúrù bi í léèrè bí mo ṣe rin ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án lórí ìlà, ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó ti mutí yó, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè wà lákọsílẹ̀ de ẹjọ́ ọtí gan-an. Nígbà tí a jọ ń wo fídíò ọlọ́pàá, ó dá a dúró níbi tí mo ti ń yí padà, ó ní, "Ẹ wo ẹsẹ̀ yín, ọ̀gá, orí òkúta wẹ́wẹ́ lẹ dúró sí." Èmi tí mo wà níbẹ̀ kò tilẹ̀ rántí òkúta kankan.

Nítorí pé èyí ni àkọ́kọ́ mi, tí ọtí ara mi kò sì tó 0.15, òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019 gba adájọ́ láyè láti dá ìdájọ́ dúró kí ó sì fi mí sábẹ́ ìṣọ́. Ibẹ̀ la bá ẹjọ́ náà parí sí, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí mo ń fẹ́ atẹ́gùn sí láràárọ̀ kí ọkọ̀ mi tó ṣíná, lójú àwọn ọmọ mi.

Ohun tó dùn mí ni ti ìwé ìgbélùú. Obìnrin yìí fi dá mi lójú pé kò sí ìdálẹ́bi lọ́rùn mi. Agbẹjọ́rò mìíràn, tí mo san owó ọ̀tọ̀ fún, ló ṣàlàyé pé bí ènìyàn bá ti gbà pé òun jẹ̀bi, tí adájọ́ sì fi í sábẹ́ ìṣọ́, òfin ìwọ̀lú ìjọba àpapọ̀ kà á sí ìdálẹ́bi. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún obìnrin tó bá mi rojọ́ ọtí. Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, kí ó rí agbẹjọ́rò ìwé ìgbélùú kí ó tó fọwọ́ sí ohunkóhun ní ọ́fíìsì rẹ̀.