Ṣọ́ọ̀bù géèmù tí mo ti kọ́ sùúrù ní Pánṣẹ́kẹ́

Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù géèmù kan ní Pánṣẹ́kẹ́, l'Abẹ́òkúta. ₦500 ni wọ́n ń gbà fún wákàtí kan. Wi-Fi wọn yá, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń gbé mi lọ.

Call of Duty: Mobile, géèmù ìbọn orí fóònù, là ń ta níbẹ̀, pàápàá Search and Destroy, márùn-ún sí márùn-ún: ẹgbẹ́ kan á fẹ́ ri bọ́ǹbù, èkejì á fẹ́ dá wọn dúró. Tí wọ́n bá pa ẹ́, o ò ní jí títí ráùǹdì náà á fi parí. Wàá kàn máa wo ẹni tó ṣẹ́ kù ni. Ibẹ̀ gan-an ni èébú ti ń wá. Lọ́jọ́ Sátidé kan, èmi nìkan ló kù, mo ń wá ọ̀nà dé ìdí bọ́ǹbù, ni ọmọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí bá bẹ̀rẹ̀ sí í bú ìyá mi sí mi létí láti inú géèmù. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Bọ̀dá tó ni ṣọ́ọ̀bù nawọ́ láti ẹ̀yìn mi, wọ́n pa ohùn ọmọ náà lórí fóònù mi. Kẹ́kẹ́ pa.

"Má dá a lóhùn, àbúrò. Gbájú mọ́ iṣẹ́ ẹ."

A pàdánù ráùǹdì yẹn, síbẹ̀ mi ò bú ẹnikẹ́ni, èmi tí mo ti fi ìbínú la fóònù mọ́lẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi bí a ṣe ń fẹjọ́ irú wọn sùn hàn mí. Nínú ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, ẹni tó bá bú ẹlòmíràn á gbé fóònù sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n ti gba tèmi lẹ́ẹ̀kan, inú mi sì dùn sí i.

Àga wọn le, ooru sì pọ̀ lọ́sàn-án. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ.